Ẹwà Ojú, Adùn Etí: Àríwísí lórí Ìrísí àti Ohùn Sípíkà

Ní ọdún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, onímọ̀ méjì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, kó ènìyàn 40 jọ láti ṣèdájọ́ sípíkà mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni gbogbo wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ta aṣọ sáàárín olùgbọ́ àti sípíkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká aṣọ kúrò. Sípíkà kò yí padà, etí kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yí padà. Àwọn sípíkà ńláńlá olówó iyebíye gba máàkì sí i nígbà tí ojú rí wọn. Èyí tó kéré, tó sì pọ́ọ́kú lówó, tó ti ṣe dáadáa nígbà tí aṣọ bò ó, já wálẹ̀ pátápátá. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé nígbà tí ojú là, àwọn olùgbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fura mọ́ bí wọ́n bá gbé sípíkà láti igun kan sí òmíràn nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń tètè gbọ́ ni nígbà tí aṣọ wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sábà máa ń fi ìwádìí yìí pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé: ojú ń ṣi etí lọ́nà, nítorí náà ẹ̀tàn ni ẹwà sípíkà. Ìdájọ́ yìí yá jù. Òótọ́ ni pé ojú lè ṣi etí lọ́nà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ohun tí ẹwà náà ń ṣe lára ẹ̀rọ, tàbí ibi tó ti wá.

Ní ọdún 1957, Peter Walker gbé sípíkà Quad jáde ní Huntingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní àpótí bí àwọn yòókù. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tí agbára iná mànàmáná ń tì síwá tì sẹ́yìn láàárín àwo méjì tí wọ́n dá lu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ẹ̀rọ tí àwọn Òyìnbó fi ń mú yàrá móoru nígbà òtútù ni. Kò lè pariwo, ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀, olùgbọ́ sì gbọ́dọ̀ jókòó sójú kan kó tó jèrè rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, bí ohùn ènìyàn bá gba inú rẹ̀ jáde, ó máa ń mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ aláríwísí fi ń lò ó gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n títí di òní.

Ní ọdún 1957 kan náà, JBL gbé Paragon jáde ní Amẹ́ríkà. Richard Ranger ló ní èrò rẹ̀, Arnold Wolf ló fún un ní ìrísí: pákó gígùn kan tó dà bí àga ìkẹ́rù inú pálọ̀ olówó, tí iwájú rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ọrùn. Ojú á kọ́kọ́ pè é ní ọ̀ṣọ́ lásán. Ṣùgbọ́n pákó títẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Òun ni ìró àárín ń kọlù kó tó tàn ká yàrá, kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ má baà pàdánù. Gbẹ́nàgbẹ́nà àti onímọ̀ ìró pàdé lára igi kan ṣoṣo.

Nautilus tí Laurence Dickie ṣe fún B&W ní ọdún 1993 mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Ìkarahun ìgbín ni ènìyàn ń rí. Ohun tó bí i kì í ṣe ìfẹ́ ìgbín. Gbogbo sípíkà ló ń sọ ìró síwájú, tó tún ń sọ òmíràn sẹ́yìn, ìró ẹ̀yìn yìí ló sì ń padà wá ba ti iwájú jẹ́ nínú àpótí. Dickie fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá oníhò tó ń tín-ín-rín lọ, kí ìró ẹ̀yìn lè kú sínú rẹ̀. Ọ̀pá ti ìró ìsàlẹ̀ gùn jù fún yàrá, nítorí náà wọ́n ká a. Bí ìgbín ṣe dé nìyẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà lo ọgbọ́n yìí fún àwọn sípíkà mìíràn ní ọdún 1998, ìró ìsàlẹ̀ padà sínú àpótí, ìgbín pòórá, ọgbọ́n ọ̀pá kò pòórá.

Èdè Yorùbá ní ohun tó lè fi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú ló ni ẹwà, etí ló ni adùn. Ọmọge a máa rẹwà, aṣọ a máa rẹwà, ṣùgbọ́n ohùn akọrin a máa dùn ni, ẹni tó bá sì pe ohùn ní arẹwà ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ojú. Àmì ohùn nìkan ló ya dún kúrò lára dùn. Nígbà tí Robert Farris Thompson tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1973 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe àríwísí iṣẹ́ ọnà, ère ni ó bi wọ́n léèrè, òṣùwọ̀n tó sì kó jọ, bíi jíjọra, ìfarahàn, dídán àti gígún, ti ojú ni. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ̀bi wà níbi tí àwọn tó tẹ̀ lé e ti gbé òṣùwọ̀n ère ka orí ìlù, tí ìlù fi di ère tí kò fọhùn nínú gíláàsì.

Ó yẹ kí wọ́n ti bi igi ìlù fúnra rẹ̀. Àgbá, gbẹ̀du àti ìgbìn ní èèkàn tó di awọ mú lókè. Ara igi ṣófo sílẹ̀ fún agbẹ́gilére, ó sì ń gbẹ́ ènìyàn, ẹranko àti ọba sí i. Ara dùndún kò ṣófo. Ọsán ló yí i ká láti ojú kan dé èkejì, ọsán yìí sì ni onílù ń fún kí ohùn lè ròkè tàbí kó wálẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ àwòrán sára igi dùndún gbẹ́ ẹ fún òkùnkùn. Ẹwà dùndún wà ní ìbàdí rẹ̀ tó tín-ín-rín, ìbàdí náà ló sì fi ààyè sílẹ̀ fún ọsán láti wọlé. Ṣaworo etí ìyáàlù náà ń dán, ó sì ń dún. Ti bàtá tún yàtọ̀: ìda dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú awọ kò bu ẹwà kún un rárá, ohùn ló wà fún. Àwọn onílù Cuba kò yọ ìda náà kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n fi banté onílẹ̀kẹ̀ wọ ara igi bàtá wọn nígbà ayẹyẹ. Banté kò kan ojú awọ.

Rowland Abíọ́dún ti ṣàlàyé pé ìwà tó wà nínú “ìwà lẹwà” ju ìwà ọmọlúàbí lọ; ó kan wíwà ohun kan, èyí tó mú un jẹ́ ara rẹ̀. Bí ìwà sípíkà bá jẹ́ láti gbé ohùn ẹlòmíràn láìfi tirẹ̀ kún un, Quad tó dà bí ẹ̀rọ ìmóoru rẹwà. Àwọn tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé ojú kúrò nílé kò kà á dáadáa, nítorí kò lé ẹwà, ibi tó ń gbé ló tọ́ka sí. Paragon àti ìgbín Dickie rẹwà nípa òfin kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Yorùbá gan-an ni òde àríyá. Sípíkà tí wọ́n tò lé ara wọn bí ilé alájà, tí iná aláràbarà ń tàn lójú wọn, ti di ara ohun tí olóde fi ń ṣe fàájì, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpótí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ṣe kó máa hó lórí ìró ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo. Fún orin tí ìlù inú rẹ̀ kò ju ìlù lọ, ìpalára náà kéré. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló fi ń ya igba sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà, tó fi ń ya méjèèjì kúrò lára igbá. Bí àpótí bá ń hó lórí ìró kan, tí híhó náà kò sì tètè kú, ohùn ìsàlẹ̀ kan yóò bo èyí tó tẹ̀ lé e, àyàn yóò máa ki olóde, sípíkà yóò máa da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú. Ẹni tó jókòó ti onílù á gbọ́ orúkọ bàbá olóde, á sì nawọ́ sápò. Ẹni tó jókòó síwájú sípíkà á máa wo iná.