Ẹ̀rí, Irúgbìn àti Àwọn Ìjọ Agbègbè Ọ̀tà

Lójoojúmọ́ ni Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàngó láìronú kan àrá rárá. Oríta àti ibùdókọ̀ ni orúkọ òrìṣà náà dà lẹ́nu wọn. Bí èrò ọkọ̀ bá lè gba orúkọ lọ́wọ́ òrìṣà báyìí, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ìjọ gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti lọ́wọ́ adájọ́.

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ èdè a máa wí pé àwọn oníwàásù òde òní ni ó ń ba Yorùbá jẹ́. N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà, ìwàásù, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ó ti wá; bẹ́ẹ̀ ni àdúrà, àlùfáà àti wòlíì. Bíbélì Yorùbá tí a parí ní 1884 lo gbogbo wọn. Ó tilẹ̀ gba kèfèrí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Onígbàgbọ́ kan náà kò bọ́ lọ́wọ́ orúkọ yẹn nígbà mìíràn!

Ohun tí ó tọ́ kí a wádìí ni ohun tí ọ̀rọ̀ ń pàdánù. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí. Láti inú "rí" ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀. A lè bi í léèrè, a sì lè já a nírọ́. Lónìí, bí a bá pe ẹlẹ́rìí, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tí ń kanlẹ̀kùn ni ó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Canaanland, tí ìjọ Winners ṣí ní Ọ̀tà ní 1999 pẹ̀lú gbọ̀ngàn tí ó gba 50,000 ènìyàn, àti nínú àwọn ìjọ kéékèèké àdúgbò náà, ẹ̀rí ni ìròyìn oore tí ẹni tí ó rí i gbà ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìyìn ni àwọn olùgbọ́ fi ń dáhùn. Kò sí ẹni tí ń bèèrè. N kò wí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni ó yí padà: ohun tí a fi ń wádìí ti di ohun tí a fi ń dúpẹ́.

Irúgbìn pẹ̀lú ti kúrò lóko. Àgbàdo tí ó yọmọ jù ni àgbẹ̀ ń yà sọ́tọ̀, ó sì mọ̀ pé ó ń fẹ́ òjò àti ọkọ́. Nínú ìjọ, owó ni. Pọ́ọ̀lù ni ó ni àkàwé náà nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 9, níbi tí ó ti ń tọrọ ọrẹ fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù. Lẹ́nu àwọn ènìyàn báyìí, aláìní ti jáde nínú rẹ̀. Ìkórè ti ẹni tí ó fúnni ni ó kù. Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti gba oko, ọmọ lè bá irúgbìn pàdé nínú ìjọ kí ó tó fojú kan ebè.

Ti Èṣù ni ó burú jù. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú ìtumọ̀ yẹn nìkan wọ inú ẹsẹ Ifá yóò máa bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ìdí tí babaláwo fi ń fún Sátánì ní ìpín nínú ẹbọ.