Àmì Tí A Kò Lè Kà: Ojú Ẹ̀rọ Ìrìn-Àjò Ìgbà, Ọpọ́n Ifá àti Àpáta Ìdànrè

1.0 Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń kọ ìtàn-àròsọ onímọ̀ ẹ̀rọ pé, bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn kan ré kọjá ìgbà tirẹ̀ lọ sí ìgbà mìíràn, wọn a ṣe ẹ̀rọ kan fún un. Ẹ̀rọ náà a máa ní ojú, a sì máa ní ọ̀pá ìdarí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àmì tí òǹkàwé tàbí òǹwòran kò rí rí ni wọn yóò fín sí ojú rẹ̀. Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí irú àmì bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ṣé ọ̀rọ̀ ni, àbí ọ̀ṣọ́ lásán? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ta ni a ń bá sọ ọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan. Ní agbègbè tí ó wà láàrin Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, Òkè Ìdànrè wà níbẹ̀. Lára ohun tí a máa ń fi han àlejò lórí òkè náà ni àwọn ìlà kan lára àpáta, tí wọ́n ti fún ní orúkọ báyìí: àmì tí a kò lè kà. Orúkọ yìí ti bọ́ sí ẹnu àwọn tí ń mú àlejò kiri, ó sì ti bọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò afẹ́. Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ náà kò tọ̀nà. Kò sí àmì kan tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, tí kò ní òǹkàwé ní ọjọ́ tí a ṣe é. Èyí tí ó wà ni àmì tí òǹkàwé rẹ̀ ti lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kò kéré, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ń sé ìlẹ̀kùn mọ́ ìwádìí, ti èkejì sì ń ṣí i.

2.0 Ojú ẹ̀rọ nínú ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ìwé tí ó kọ́kọ́ sọ èrò nípa irú ẹ̀rọ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni The Time Machine tí H. G. Wells tẹ̀ jáde ní 1895. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sí àmì àjèjì kankan lójú ẹ̀rọ Wells. Òǹkà ni ó wà níbẹ̀: ojú kan ń ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òmíràn ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjọ́, àwọn yòókù ń ka èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ oókan mọ eéjì lè kà á. Nígbà tí arìnrìn-àjò náà sì gúnlẹ̀ sí ìgbà mìíràn, tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò gbẹ́kẹ̀ lé àṣírí àmì kankan. Ọ̀pá ìdarí ni ó yọ, tí ó fi sínú àpò rẹ̀. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kò nílò láti fi ìwé kíkà dí ẹlòmíràn lójú.

Ibòmíràn ni Wells fi àmì àjèjì sí. Ní ọdún 802,701 tí arìnrìn-àjò náà dé, ó rí ilé ńlá kan tí ó ti ń wó, ó sì rí ìkọ̀wé kan lára rẹ̀ tí kò mọ̀. Ó rò pé bóyá Weena, ọmọbìnrin ìgbà náà tí ó ń bá a rìn, lè túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí ó rí kọ́ ni pé Weena kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà tí ń jẹ́ ìkọ̀wé. Ibi kékeré ni èyí nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n òun ni ó le jù lọ. Kì í ṣe pé ìkọ̀wé náà jẹ́ awo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí ó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń ṣeré nínú oòrùn. Àmì wà, ọmọ onílé wà. Ohun tí ó já ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni eré Doctor Who gbà, èyí tí ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Láti ìgbà tí eré náà ti padà sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2005 ni òbìrí inú òbìrí ti ń hàn nínú ọkọ̀ tí Dókítà fi ń rin ìrìn-àjò ìgbà. Èyí ni ìkọ̀wé ìlú rẹ̀, Gallifrey. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n ẹwà ni a torí rẹ̀ yà á. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni láti sọ fún òǹwòran pé, 'ibí yìí kì í ṣe ilé rẹ.' Ó wúni lórí pé àwọn òǹwòran kan kò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n hùmọ̀ ètò tí a fi lè kọ orúkọ ènìyàn ní òbìrí bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì lè kà á. Ẹ̀rí ni èyí jẹ́ pé ọkàn ènìyàn kì í fara mọ́ àmì tí kò ní òǹkàwé. Bí òṣèré kò bá fún un ní ìtumọ̀, òǹwòran yóò wá a.

3.0 Àrokò àti ẹni tí a rán an sí

Àwọn Yorùbá ní ètò àmì tiwọn kí ìwé tó dé. Bí a bá fi ojú àrokò wo ọ̀rọ̀ yìí, yóò yé wa dáadáa. Bí ọkùnrin kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ohun tí ó wí ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí obìnrin náà bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ó gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Bí a bá so owó ẹyọ méjì kí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó ẹyọ mẹ́fà wọ̀nyí lé ọwọ́ àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá. Yóò kà wọ́n, yóò rí mẹ́fà, kò sì ní rí ohunkóhun mọ́. Kò sí àwòrán ìfẹ́ lára owó ẹyọ. Inú èdè ni ìtumọ̀ náà wà, nínú ìró tí ó so ẹẹ́fà mọ́ fífà. Nítorí náà, àrokò kì í ṣe ohun tí ojú nìkan lè kà; etí ni ó ń bá ojú kà á. Àwọn àgbà ti sọ èyí tẹ́lẹ̀: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí kò sọ pé àgídìgbo kò ṣeé mọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n wà.

Ewu wà bí òǹkàwé bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. J. O. Oshitelu ti Ògèrè, ẹni tí ó dá Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà sílẹ̀ ní 1930, kọ àwọn àmì tí ó gbà pé a fi han òun lójú ìran. Ìkọ̀wé ni lójú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n àmì tí a fi han ẹnìkan, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Bí kò bá kọ́ ẹlòmíràn, àmì ọ̀la ni yóò kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la.

4.0 Ọpọ́n Ifá gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ ìgbà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rọ ìrìn-àjò ìgbà nínú àṣà Yorùbá, kò ní láti rìn jìnnà. Babaláwo yóò tẹ́ ọpọ́n, yóò da ìyẹ̀rosùn sí i, yóò sì máa fi ọwọ́ kan gbá ikin láti inú ọwọ́ kejì. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà méjì. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà kan. Oríṣi àmì méjì péré ni ó wà. Ipò mẹ́jọ ni wọ́n sì ń gbà, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Láti inú ohun tí ó kéré tó báyìí ni 256 odù ti jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, Èjì Ogbè ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìlà méjì-méjì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni.

Àlejò tí ó bá yọjú wo ọpọ́n ní àkókò yìí yóò rí àmì àjèjì gẹ́gẹ́ bí òǹwòran Doctor Who ti rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Abímbọ́lá (1976) fi hàn pé ẹsẹ Ifá ní ètò, ó sì pín ètò náà sí ọ̀nà mẹ́jọ: orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí wọ́n dífá fún, ohun tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ awo, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bí ó rú u tàbí kò rú u, títí dé ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìgbà àtijọ́ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó jókòó sórí ẹní lónìí ni a ń ki ẹsẹ náà fún, òun náà ni yóò sì fi etí ara rẹ̀ mú èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Àmì náà gbé ẹni àná wá sí iwájú ẹni òní. Arìnrìn-àjò Wells ni ó lọ bá ìgbà. Nínú Ifá, ìgbà ni ó ń rìn wá bá oníbéèrè.

Bí a bá wá bi ara wa pé kí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣì máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọpọ́n, nítorí ọpọ́n tí ó dára wà nínú ilé-ìṣúra àwọn òyìnbó tí kò sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí ọmọ awo fi ń kọ́ ẹsẹ lẹ́sẹ̀ olúwo rẹ̀ ni. Òǹkàwé ni ẹ̀rọ náà gan-an.

5.0 Fágúnwà àti gègé

Ará Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó, ni D. O. Fágúnwà (1903–1963). Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ọdẹ wọ igbó tí ó kún fún iwin àti ẹbọra tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí. Bí ó ti wù kí ìrísí wọn ṣàjèjì tó, èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan lè pe èyí ní àléébù, kí wọ́n ní àjèjì tí ó ń pa òwe kì í ṣe àjèjì tòótọ́. Ìdáhùn sí èyí ni pé ohun tí Fágúnwà ń wá yàtọ̀. Kò fẹ́ kí igbó náà dí mọ́ òǹkàwé. Ó fẹ́ kí ọgbọ́n inú rẹ̀ dé ilé. Ìdí nìyí tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà tí ó ní kí òǹkọ̀wé mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀, kí ìtàn náà má baà bá òun kú. Ẹni tí ó ni ìmọ̀ ni ó wá òǹkàwé rẹ̀ lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú.

6.0 Àpáta Ìdànrè

Òkè Ìdànrè kì í ṣe ahoro lásán. Lórí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 yóò rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ilé-ẹjọ́ àtijọ́ àti ojúbọ. Yóò rí ẹsẹ̀ Agbógun, tí a gbọ́ pé ó máa ń ba ẹsẹ̀ tí a bá kì bọ̀ ọ́ mu. Láti 2007 ni òkè náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni a ń túmọ̀ fún àlejò. Ààfin ní ìtàn, ẹsẹ̀ Agbógun ní ìtàn. Nígbà tí ó bá kan àwọn ìlà ara àpáta nìkan ni ìtumọ̀ dúró, tí orúkọ sì gba ipò ìtàn. Ibí yìí ni àríwísí wà. Orúkọ náà, 'àmì tí a kò lè kà', ń ṣe irú iṣẹ́ tí òbìrí inú òbìrí ń ṣe nínú Doctor Who: ó ń ta àdììtú fún àlejò. Ṣùgbọ́n Doctor Who mọ̀ pé eré ni òun ń ṣe. Ní Ìdànrè, ọmọ onílé ni a ń sọ di àlejò níwájú àpáta baba rẹ̀. A ń fi í sí ipò Weena.

Wọ́n lè ní bóyá òjò àti oòrùn ni ó ya ìlà náà, pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ náà tún ṣìnà, nítorí a kì í pe ohun tí a kò kọ ní ohun tí a kò lè kà. Ìwádìí ni yóò yà á sọ́tọ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sì jìnnà. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú ní agbègbè Àkúrẹ́, wọ́n rí egungun ènìyàn tí ọjọ́ rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún, àti òkúta tí a fi ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rí eérú àti òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tí ó kọ́ ọ rí ènìyàn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ́kọ́ sọ ihò náà ní 'ibi tí a kò lè mọ̀', bóyá ọkọ́ kì bá tí kan ilẹ̀ náà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti yẹ̀ wò fi hàn pé ọ̀nà mẹ́ta ni àmì àjèjì pín sí. Èkíní ni àmì tí òǹkàwé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí odù Ifá àti àrokò. Èkejì ni àmì tí òǹkàwé rẹ̀ ti lọ, gẹ́gẹ́ bí ìkọ̀wé tí Wells fi sára ilé ọdún 802,701. Ẹ̀kẹta ni àmì tí kò ní òǹkàwé rí, tí a yà fún ẹwà tàbí tí ẹnikẹ́ni kò yà. Àṣìṣe ńlá ni láti fi orúkọ kan ṣoṣo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti ìtàn-àròsọ, a lè fi èyí díwọ̀n òǹkọ̀wé: àmì tí ó bá fi sójú ẹ̀rọ, ǹjẹ́ ó mọ ẹni tí ń kà á? Ní ti Ìdànrè, iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ju àríwísí lọ. Ó yẹ kí a ya àwòrán àwọn ìlà náà dáadáa, kí a wọ̀n wọ́n, kí onímọ̀ nípa òkúta yẹ̀ wọ́n wò, kí a sì jókòó ti àwọn àgbà Ìdànrè pẹ̀lú ìwé àti gègé, gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà inú ìwé Fágúnwà ti béèrè fún. Títí di ìgbà náà, orúkọ tí ó bá òótọ́ mu ni kí á máa pè wọ́n: àmì tí a kò tíì kà.