Ayẹyẹ Tán, Ó Ku Ilé

Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi la jọ wo The Wedding Party nílé wa ní Ìfọ́n, fíìmù tí Kemi Adetiba darí ní 2016. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó pa wá lẹ́rìn-ín! Gèlè, ijó, oúnjẹ, kò séyìí tí kò sí. Ìjà tí mo bá a jà ni pé ibi tí ìgbéyàwó Dunni àti Dozie ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ló parí sí. Ìgbéyàwó gidi wà níbẹ̀ o, lọ́dọ̀ àwọn òbí Dozie: ọkọ ń yan àlè, inú ń bí ìyàwó. Ẹ̀yìn ariwo ni wọ́n fi tiwọn sí.

Ìtàn Ọ̀wọ̀ tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún Ìgógo la fi ń rántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Ta ló bi wá léèrè aṣọ ìyàwó rẹ̀? Èèwọ̀ rẹ̀ la mọ̀: wọn kì í lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kì í da omi sí àgbàlá, wọn kì í sọ igi ìdáná mọ́lẹ̀. Àwọn orogún rú u, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí fíìmù tán, ìyàwó wa dákẹ́. Owó ilé ni ẹ̀gbọ́n mi fi gba họ́ọ̀lù. Látìgbà náà, yàrá màmá wa ló ń sùn. Ó ní, "Ọkọ mi, ilé wo wá ni àwọn yẹn ń gbé?"