Àwo Makossa àti Òṣùwọ̀n Àwọn Olówó

Ní oṣù keje ọdún 2021, ilé gbàǹjo Heritage Auctions ní ìlú Dallas ta ẹ̀dà géèmù Super Mario 64 kan ní dọ́là 1,560,000. Kò sẹ́ni tó gbá a rí. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé-iṣẹ́ kò tíì ya. Wata, ilé ayẹ̀wò géèmù, ti fún un ní máàkì 9.8 nínú 10, wọ́n sì ti fi ike líle sé e mọ́. Àìfọwọ́kàn gan-an ni olówó sanwó fún.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kó àwo orin àtijọ́ jọ ti ń lo irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìwé ìròyìn Goldmine ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù: Mint ló wà lókè, Near Mint tẹ̀ lé e, ó ń lọ sílẹ̀ títí dé Poor. Òun náà ni wọ́n ń lò ní Discogs, ọjà àwo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òṣùwọ̀n yìí kù sí, kí ó gbé e lọ sí Douala ní Kamẹrúùnù.

Douala ni wọ́n bí olórin Manu Dibango sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1933. Nígbà tí Kamẹrúùnù gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 1972, ní Yaoundé àti Douala, òun ló ṣe orin ìdíje náà. Àwo kékeré ni, ojú kan fún orin bọ́ọ̀lù, ojú kejì fún Soul Makossa. Congo ló gba ife-ẹ̀yẹ, Kamẹrúùnù ṣe ipò kẹta. Àmọ́ ojú kejì àwo yẹn kò dúró sílé. David Mancuso rí ẹ̀dà kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn, ó ń fi í dá àwọn èèyàn lára yá níbi àríyá rẹ̀ ní New York. Frankie Crocker gbé e sórí rédíò WBLS. Àwo tán lórí igbá, àwọn ẹgbẹ́ olórin mìíràn sì sáré kọ tiwọn kí ilé-iṣẹ́ Atlantic tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1973, ó dé ipò 35 lórí àtẹ Billboard.

Nítorí náà, kí orin yìí tó pé ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò yẹ bébà àárín àwo wò bóyá orúkọ Fiesta ti ilẹ̀ Faransé ló wà níbẹ̀ tàbí ti Atlantic; yóò gbé àwo síbi ìmọ́lẹ̀, yóò wá nọ́ńbà tí wọ́n ha sí ibi dídán tó yí bébà náà ká. Etí tún ń ṣẹ̀rí. Bí ayédèrú bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ara àwo àlòkù, ariwo abẹ́rẹ́ tó ń ha àwo àkọ́kọ́ yóò máa jáde lára àwo tuntun tí kò ní ẹyọ ìlà kan. Iṣẹ́ ọpọlọ ni ìyẹn, ó sì yẹ ká yìn ín.

Máàkì ló níṣòro. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún kan ju mítà mẹ́ta lọ. Ọ̀rinrin ń hu èébu sára páálí, oòrùn ń ká àwo kò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, torí ijó ni wọ́n ṣe ra makossa, orin ijó Douala: ó ń ti òde ìyàwó bọ́ sí òde òkú, ó ń ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ọwọ́ àbúrò. Èyí tó bá ṣì jẹ́ Near Mint lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò gbé Douala rí, tàbí kò sẹ́ni tó jó sí i. Òṣùwọ̀n tó fi irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣe olórí ń wọn ìtọ́jú páálí. Kò wọn ìtàn àwo.

Àwọn òtítọ́ kan tiẹ̀ wà tí ojú àwo kò lè sọ. Tala André-Marie, olórin Kamẹrúùnù tó fọ́jú, ló kọ Hot Koki. Nígbà tí James Brown gbé Hustle!!! (Dead on It) jáde ní 1975, orin Tala ni àwọn èèyàn gbọ́ nínú rẹ̀. Tala pè é lẹ́jọ́, ó sì jàre. Ìwé ẹ̀rí ilé ayẹ̀wò wo ni ìbá sọ ìyẹn?

Ọ̀nà tí Samy Ben Redjeb ti Analog Africa, ilé-iṣẹ́ àwo orin ní Frankfurt, ń gbà ṣe tirẹ̀ sàn jù. Kí ó tó gbé àkójọ orin Pop Makossa jáde ní 2017 àti Cameroon Garage Funk ní 2021, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá àwọn olórin fúnra wọn kàn, wọ́n sì tẹ ìtàn wọn sínú ìwé tó bá àwo rìn. Ó ti ṣe irú rẹ̀ fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nínú African Scream Contest ní 2008. Ẹ̀rí àwọn tó ṣe orin ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, ó dunni pé ọmọ Douala tó bá fẹ́ ra orin bàbá rẹ̀ lónìí lè ní láti kọ̀wé sí Jámánì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá pẹ̀lú, níbi tí àwo Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà. Kí ẹ tó tà á fún ẹni tó ń bèèrè máàkì, ẹ bi bàbá tàbí ìyá tó ni ín léèrè ibi tó ti rà á, ọdún tó rà á, àti ẹni tó lu ìlù inú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú bébà kan tí yóò wà nínú páálí àwo náà. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà pa Manu Dibango ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020. Àwọn ẹlẹ́rìí tó kù kò pọ̀ mọ́.