Windows Tuntun àti Yorùbá Tí A Ti Kọ Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń rí gbà fún Windows 10, ètò tí ó ti ń darí kọ̀ǹpútà inú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti ọdún 2015. Ìmọ̀ràn tí a ń gba àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ni pé kí wọ́n bọ́ sórí Windows 11, èyí tí ó jáde ní 2021. Àwọn tí ń yìn ín a máa tẹnu mọ́ ààbò àti ẹwà ojú rẹ̀. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀ fún ẹni tí ó ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá tí a ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ǹjẹ́ a ó sì lè kọ èdè náà pé pérépéré lórí ti tuntun? Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn Windows tuntun nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ Yorùbá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí a lè bá pàdé ní Morogbo, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kò ká tuntun. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ogún ọdún wà nínú rẹ̀, tí ó ti ń gbé láti orí ẹ̀rọ kan dé orí èkejì, pẹ̀lú oríkì tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Àwórì, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti di ẹni ilẹ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí ilé ìtàwé tí a ti lè lọ ra òmíràn.

Kọ̀ǹpútà kì í mọ lẹ́tà bí ojú ti mọ̀ ọ́n; nọ́ḿbà ni ó fi ń pa á mọ́. Kí ìlànà Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin wa, fọ́ǹtì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ Yorùbá. Ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà a mú nọ́ḿbà àmì kan tí Yorùbá kò lò, a sì ya ẹ, ọ tàbí ṣ sí ipò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì bá wà lórí ẹ̀rọ, ojú ìwé a gún régé. Ṣùgbọ́n bí a bá nu kọ̀ǹpútà mọ́ kí a tó gbé Windows tuntun sí i, tàbí bí a bá gbé fáìlì lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn láìgbé fọ́ǹtì dání, aṣọ àyálò bọ́ nìyẹn. Àmì àjèjì a sì yọjú níbi tí lẹ́tà Yorùbá ti wà lánàá.

Àkọtọ́ Yorùbá ti rí àyípadà ṣáájú èyí. Àgbádárìgì ni Crowther àti Townsend gúnlẹ̀ sí ní 1845, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1875 ni a ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó. Ní 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí a ń lò lónìí. Àwọn tí ń kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn” wá ń kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè ṣí ìwé àtijọ́ kí ó sì kà á láìsí ògbufọ̀. Ohun tuntun dé, kò sì sọ ti àtijọ́ di aláìníyelórí. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa retí lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Kò yẹ kí a fi ẹ̀tọ́ Windows dù ú. Lórí Windows XP ti ọdún 2001, àmì ohùn a máa yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tí ó ni ín. Láti Windows 7 ti ọdún 2009 ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú ètò náà, fọ́ǹtì òde òní sì ń gbé àmì sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá lónìí, ti tuntun sàn fún un. Síbẹ̀, kókó kan kò tíì tú. Ẹ àti ọ ní nọ́ḿbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà àti àmì méjì ni ó ń para pọ̀ di ọ̀kan. Ẹnì kan a kọ́kọ́ tẹ ọ kí ó tó fi àmì ohùn sí i. Ẹlòmíràn a kọ́kọ́ tẹ ò kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ètò ìwákiri tí kò bá sọ méjèèjì di ọ̀kan yóò ní “ọ̀rọ̀” kò sí nínú ìwé tí ó kún fún un.

Ibi tí àríwísí ti le jù ni ẹnu ọ̀nà. Windows 11 ń béèrè ibi ìrántí 4GB, àyè ìpamọ́ 64GB, ohun ààbò tí a ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò pẹ́ jù. Ìdí tí Microsoft fi béèrè TPM kì í ṣe àsọdùn, nítorí pé ó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni òfin yìí tì síta, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni ó sì ru ẹrù rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gba Linux bí Ubuntu, tí a kì í san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fọ́ǹtì àtijọ́ kò bá sí níbẹ̀, wàhálà kan náà ni.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ètò tuntun ní aṣọ. Àkísà, èyí tí í ṣe ìwé ogún ọdún, ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó kù sí. Kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sí ibòmíràn, kí ó tọ́jú fọ́ǹtì fúnra rẹ̀, kí ó yí ìwé náà sí Unicode nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fi wé èyí tí a tẹ̀ sórí bébà. Ẹ̀dà PDF lè pa ojú ìwé mọ́, ṣùgbọ́n kò tún nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ó yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì ka iṣẹ́ yìí kún gbígba oríkì sílẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá parí rẹ̀ kí ó tó gbé Windows 11 wọlé yóò jèrè ètò tuntun náà. Ẹni tí kò bá ṣe é lè ní ẹ̀rọ tí ó yá ju ti àná lọ, tí kò sì ní lè ka oríkì tí ó wà nínú rẹ̀.