Orúkọ Tí Kò Ní Ènìyàn, Ènìyàn Tí Kò Ní Orúkọ

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, o ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ti gba ohun tí ó ju owó lọ. Wo ohun tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ kan ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1921, ọ̀pọ̀ lẹ́tà dé sí ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun Washburn Crosby ní ìlú Minneapolis, tí àwọn ìyàwó ilé fi ń béèrè bí a ti ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì. Àwọn ọ̀gá rò pé obìnrin ni ó yẹ kí ó dá wọn lóhùn, ni wọ́n bá hùmọ̀ orúkọ kan: Betty Crocker. Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ ní 1936. Ní 1945, ìwé ìròyìn Fortune kà á sí obìnrin kejì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Eleanor Roosevelt.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Marjorie Husted àti àwọn obìnrin tí ó darí ni. Àwọn ni wọ́n ń dán oúnjẹ wò, tí wọ́n sì ń kọ èsì. N kò wí pé iṣẹ́ náà kò dára. Ìmọ̀ wọn wúlò fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àléébù rẹ̀ ni pé òjìji ni ó gba ìyìn.

Ti Nancy Green burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Kentucky. Ní 1893, níbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Chicago, ó ń dín páńkéèkì, ó sì ń pa ìtàn, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjà, Aunt Jemima, ni wọ́n fi ń pè é. Má ṣe rò pé ọ̀wọ̀ ni “Aunt” náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun ń pe àgbà obìnrin dúdú tí wọn kò fẹ́ pè ní ìyáàfin. Ìpolówó náà sì mú kí oko ẹrú dà bí ibi ayọ̀. Nígbà tí ó kú ní 1923, wọn kò fi òkúta sí ojú oórì rẹ̀. 2020 ni a tó gbé ọ̀kan síbẹ̀. Ní 2021 ni àwọn tí ó ni ọjà náà pa orúkọ Aunt Jemima tì.

Bóyá ìwọ yóò wí pé ọjà ń fẹ́ orúkọ dídùn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí orúkọ ọjà bo orúkọ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá jẹun tí ó dùn mọ́ ọ, má ṣe yin abọ́. Béèrè ẹni tí ó sè é, kí o sì dá a mọ̀ ní orúkọ tirẹ̀.