Ta Ló Nílò Àlàyé Kó Tó Jó?

Àwa tí à ń kọ kóòdù ní Àkúrẹ́ máa ń fi orin ijó oní-ẹ̀rọ ránṣẹ́ síra wa. Èyí tí a kì í yọ kúrò ni Synchro System, àwo King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, ní 1983. Martin Meissonnier, ará Faransé, ló bá a ṣe é. Synthesizer ń dún lápá kan. Gángan ń tẹ ohùn sókè sódò, àfi bí ẹni ń bá a jiyàn.

Síbẹ̀, ó ń ṣe wá bíi pé ẹnu lásán là ń jẹ. Ta ló nílò àlàyé kó tó jó?

Ọ̀rẹ́ wa kan l'Óǹdó ní orin àwọn bàbá nìyẹn. Ó ka ọ̀rọ̀ wa, ó padà lọ gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, mi ò gbọ́ gángan yẹn rí o!"

Ó tó wa.